Ẹ̀jẹ̀ Inú Àgbá Madeleine

Igbe tí Madeleine ké ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta yẹn, àwọn tó wà lójú ọ̀nà Gouka gbọ́ ọ. Obìnrin náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, òun ló ń fọ aṣọ ìjọ, ohùn rẹ̀ kì í sì í ga ju ti ẹni tó ń rẹ ọmọ jòjòló lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó ti ọwọ́ bọ àgbá ńlá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tó fa sùtánà àkọ́kọ́ jáde, ọ̀fun rẹ̀ là. Aṣọ tó rẹ sínú omi ọṣẹ ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, tó funfun báláú, ti pupa fòò. Ó fa ìkejì, pupa. Ó fa ìkẹta, pupa. Mẹ́rìndínlógún ni aṣọ ẹgbẹ́ akọrin Ìjọ Omi Ìyè ti Bantè, kò sí ẹyọ kan tó yọ nínú wọn.

Bó bá jẹ́ ìjọ mìíràn ni, wọn ì bá kàn kanra díẹ̀ kí wọ́n sì wá ọṣẹ tó le. Ṣùgbọ́n ní Omi Ìyè, èèwọ̀ ni pupa. Wọn kì í wọ̀ ọ́, wọn kì í dì í mọ́rí. Olùṣọ́ Hyacinthe tó ń darí ìjọ náà ti dá ọkọ ìyàwó kan padà lẹ́nu ọ̀nà rí, ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ gan-an, nítorí ìbọ̀sẹ̀. Ọjọ́ kejì sì ni ìkórè ọdún. Àlejò ń bọ̀ láti Savalou, wọ́n ń bọ̀ láti Tchetti àti Bobè.

"Ẹ̀jẹ̀ ni!" Olùṣọ́ Hyacinthe sáré dé, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. "Ọ̀tá ti wọlé wá! Ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀yin ará!"

Láàárín wákàtí kan, gbogbo Bantè ti gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń hó nínú àgbá Madeleine.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Kafayath láti komisáríà, àgọ́ ọlọ́pàá ìlú, dé lórí alùpùpù rẹ̀ nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ti ń ṣẹ́ igi lọ́wọ́. Obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún ni, orúnkún òsì ń dùn ún, àpò ẹ̀pà sísun kan sì máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ọ̀ràn bá ṣe le sí ni ẹ̀pà ṣe ń tán sí. Franck, bìrìgádíẹ̀ ọlọ́pàá tó ń bá a ṣiṣẹ́, ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ọmọ ìjọ ni Franck, ohùn ìsàlẹ̀ ló ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin, sùtánà tirẹ̀ sì wà nínú mẹ́rìndínlógún náà. Ojú rẹ̀ fà ro bí ojú ẹni tó pàdánù èèyàn.

"Ọ̀gá, ẹjọ́ yìí ti parí," ló wí, kí Kafayath tó ti ẹsẹ̀ alùpùpù mọ́lẹ̀. "Ẹni tó ṣe é kò jìnnà. Ẹ̀yìn ọgbà níbẹ̀ yẹn ló ń gbé."

"Ẹjọ́ tó bá parí kí n tó sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n má pè mí sí i," Kafayath dáhùn, ó ju ẹ̀pà méjì sẹ́nu. "Ta ni?"

"Ìyá Aminatou. Òun ló ń kun wàgàsì. Ta tún ni ó ní pupa nílé ní gbogbo àdúgbò yìí?"

Lóòótọ́, kò sí ẹni tí kò mọ Ìyá Aminatou. Wàgàsì funfun tí àwọn Fúlàní ń ṣe láti ara wàrà màlúù, òun ló máa ń kó o, tí yóò kùn ún pupa kó lè dùn ún wò lọ́jà, kó má sì tètè bàjẹ́. Pòròpórò ọkà bàbà ló fi ń kùn ún, ìyẹn èèpo pupa tó máa ń di ara igi ọkà bí ìbọ̀wọ́. Omi ìkòkò rẹ̀ sì máa ń ṣàn gba abẹ́ ọgbà wọ àgbàlá ìjọ. Ìjọ bá a jà nítorí omi. Òun náà bá ìjọ jà nítorí orin tí kì í jẹ́ kó sùn lọ́sàn-án. Ìjà tó kẹ́yìn kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan.

Kafayath kò lọ sẹ́yìn ọgbà. Ìdí àgbá ló lọ. Ó na sùtánà kan sórí okùn, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Olùṣọ́, ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀jẹ̀ ni?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni, màdáámù. Mo rí i nínú ẹ̀mí."

"Ẹ̀jẹ̀ tó sun inú àgbá mọ́jú. Eṣinṣin mélòó lẹ rí lórí rẹ̀?"

Gbogbo wọn wo aṣọ. Kò sí eṣinṣin kankan. Kafayath ní kí wọ́n bá òun wá ọsàn wẹ́wẹ́. Wọ́n mú un dé, ó fún omi rẹ̀ sí etí aṣọ náà. Lójú gbogbo wọn, ibi tí omi kíkan náà kàn ṣí kúrò ní pupa, ó di àwọ̀ máńgòrò tó pọ́n.

"Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe báyìí," ni Kafayath wí. "Ṣùgbọ́n wàgàsì ń ṣe é. Nígbàkigbà tí mo bá fún ọsàn sí wàgàsì mi, bó ṣe ń ṣe nìyí. Pòròpórò ọkà ni."

"Mo wí bẹ́ẹ̀!" Franck kígbe, àwọn ọ̀dọ́ sì gbé igi wọn.

"Ẹ dúró! Màmá Madeleine, nígbà tí ẹ ń kó wọn jáde, èwo ló pọ́n jù, tòkè ni àbí tìsàlẹ̀?"

Madeleine ronú. "Tìsàlẹ̀ ni o. Tòkè kò fi bẹ́ẹ̀ pọ́n. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló dẹ́rù bà mí jù."

"Ẹ bá mi da àgbá yẹn nù."

Wọ́n dà á nù. Nínú ẹrẹ̀ ọṣẹ tó kù nísàlẹ̀, ohun kan yọ, kò ju ọrùn ọwọ́ ọmọdé lọ: ìdì pòròpórò, tí wọ́n fi òwú aláwọ̀ ewé wé ní ẹ̀ẹ̀mẹta, tí wọ́n sì ta kókó sí. Kafayath gbọn omi rẹ̀ nù, ó fi í sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Nígbà yẹn ló tó lọ sẹ́yìn ọgbà.

*

Ìyá Aminatou jókòó sáàárín ìkòkò mẹ́ta bí ọba láàárín ìjòyè. Kafayath sálámà sí i, ó dáhùn, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́ mọ́.

"Mo ti ń gbọ́ yín láti àárọ̀. Wọ́n ní èmi ni. Gbé aṣọ náà wá kí n rí i." Ó gba sùtánà tí Franck gbé dání, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ojú rẹ̀ sì le gan-an. "Èyí? Èmi Ìyá Aminatou, tí mo ti ń kun wàgàsì láti ìgbà tí ìyá rẹ ṣì ń pọ̀n ọ́, èmi ni n ó ṣe iṣẹ́ wúruwùru yìí? Wò ó! Apá kan pọ́n bí ata, apá kejì rí bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Bí mo bá fẹ́ ba aṣọ yín jẹ́, ìbàjẹ́ náà ì bá dọ́gba!"

Kafayath da ẹ̀pà díẹ̀ sí ọwọ́ ìyá náà.

"Màmá, ṣé bí èèyàn bá ju pòròpórò sínú omi lásán, ó lè pupa báyìí?"

"Láéláé! Omi lásán, ó kàn máa pọ́n rúsúrúsú ni. Káún ló ń fa pupa rẹ̀ jáde. Ẹni tó ṣe èyí fi káún sí i, ó sì mọ ohun tó ń ṣe."

"Tàbí kó má mọ ohun tó ń ṣe rárá," Kafayath wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ọṣẹ tí Màmá Madeleine ń lò, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi eérú ṣe é. Ohun tí káún ń ṣe, ṣé eérú náà ń ṣe é?"

Ìyá Aminatou jẹ ẹ̀pà, ó mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ọpọlọ rẹ pé, ọmọ yìí."

"Ẹ ṣé. Ẹ wo èyí fún mi." Kafayath yọ ìdì olówùú ewé náà jáde.

Ẹnu tó ti ń lọ bí ẹ̀rọ ìlọta láti òwúrọ̀ pa dé. Ìyá Aminatou wo ìdì náà, ó wo ọ̀run, ó wo ìkòkò. "Mi ò mọ̀ ọ́n," ló wí.

"Òwú aláwọ̀ ewé kan náà wà létí ẹní yín níbẹ̀ yẹn."

"Òwú pọ̀ láyé."

"Wọ́n ń bọ̀ wá fọ́ ìkòkò yín, Màmá."

"Kí wọ́n fọ́ ọ." Ó káwọ́ gbera, kò sì sọ ohun mìíràn mọ́.

Nígbà tí wọ́n jáde, inú Franck dùn. "Ṣé ẹ rí i, Ọ̀gá? Ó ti dákẹ́. Ẹni tó jẹ̀bi ló ń dákẹ́."

"Ẹni tó jẹ̀bi ti máa ń dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ìyá yìí ń sọ̀rọ̀ títí ó fi rí òwú. Kì í ṣe ara rẹ̀ ló ń bò." Ó dúró. "Franck, na ọwọ́ ọ̀tún rẹ kí n rí i."

Franck kò nà án. Kafayath fà á jáde láti inú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ìka mẹ́ta, láti orí dé oríkèé àkọ́kọ́, pupa.

Òógùn bo Franck. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ fi Ọlọ́run bò mí láṣìírí. Ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni ìjọ ń gbà fún ìkórè. Lánàá, lẹ́nu ọ̀nà Gouka, obìnrin kan ń yọ wàgàsì látinú omi ìkùn, kò tíì dín in... Mo jẹ mẹ́fà."

"Láìdín?"

"Ebi kò jẹ́ kí n dúró de iná."

Kafayath wò ó títí, ó fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Irọ́ tó ń dójú tini tó bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè pa á; ó dá a lójú pé òótọ́ ni wàgàsì mẹ́fà láìdín.

*

Flore tó ń ṣe olórí akọrin ló mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Ó ní Tidjani, aránṣọ ní Savalou, pe òun láàárọ̀ pé kí òun ka ìwọ̀n gbogbo akọrin fún un, pé ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ funfun.

"Aago mélòó?" Kafayath bi í.

"Aago méje kọjá díẹ̀. Omi ojú wa kò tíì gbẹ. Mo tiẹ̀ ń ronú pé ta ló ti sọ fún un."

Franck gbé àtẹ́lẹwọ́ lu itan. "Aránṣọ! Ó ba èyí tó wà jẹ́ kó lè rán tuntun! Ọ̀gá, èmi ni n ó fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lọ́wọ́."

Wọ́n gun alùpùpù, wọ́n dojú kọ Savalou. Ọyẹ́ ń fẹ́ láti orí àwọn òkè, eruku pupa ojú ọ̀nà sì kun àwọn méjèèjì débi pé nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù Tidjani, oníbàárà kan tó ń bá aránṣọ náà sọ èdè Máhì bú sẹ́rìn-ín, ó ní àwọn wàgàsì méjì ti dé.

Tidjani jẹ́ ọkùnrin tínrín tí okùn ìwọ̀n aṣọ máa ń wà lọ́rùn rẹ̀ àní bó bá ń kírun. Bọ́ńdùlù aṣọ funfun wà lórí tábìlì rẹ̀. Nígbà tí Franck bèèrè ohun tó ń fi í ṣe ní ohùn ọlọ́pàá, ojú rẹ̀ ràn kókó.

"Iṣẹ́ yín ni! Sùtánà mẹ́rìndínlógún. Mo sì ti sọ fún un pé kò lè yá ju Túsìdeè lọ, àní bí mi ò bá sùn."

"O sọ fún ta ni?" Kafayath bi í.

"Olùṣọ́ yín. Hyacinthe. Òun ló pè mí. Ó ní ṣé mo lè rán gbogbo rẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́ òní, mo bi í léèrè bóyá ara rẹ̀ le. Mo ń ká ẹní ìrun àsùbáà lọ́wọ́ ni."

Ó fa tẹlifóònù rẹ̀ jáde. Àmì ìpè náà wà níbẹ̀, orúkọ Hyacinthe àti wákàtí: aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú méjìdínlógún.

Kafayath dúpẹ́ lọ́wọ́ aránṣọ náà, ó jáde, ó jókòó sórí alùpùpù láìta á. Franck rí i pé àpò ẹ̀pà ti ṣófo.

"Franck, aago mélòó ni Màmá Madeleine fa aṣọ àkọ́kọ́ jáde?"

"Agogo àdúrà aago méje ṣẹ̀ṣẹ̀ dún ni."

"Báwo lẹni tí kò tíì rí aṣọ pupa ṣe ń wá aṣọ funfun tuntun ní wákàtí kan ṣáájú?"

Franck ya ẹnu sílẹ̀. Eruku wọ̀ ọ́, ó pa á dé.

"Gbọ́," Kafayath wí. "Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìjọ ní ibi, yóò se pupa rẹ̀ dáadáa nílé, yóò gbé e wá, yóò dà á sórí aṣọ. Àwọ̀ rẹ̀ yóò dọ́gba látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí, ìdì gbígbẹ ni wọ́n jù sínú omi, ó rì sísàlẹ̀, ó wá ń ta àwọ̀ fúnra rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ta ló ń ju nǹkan gbígbẹ sínú àgbá? Ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ ni. Ẹsẹ̀ ń bọ̀, kò ráyè, àgbá ló sún mọ́ ọn jù."

"Kí ló wà nínú pòròpórò tí èèyàn yóò fi pamọ́? Gbogbo ayé ló ń rà á."

"Wọ́n ń rà á ní títúká fún ìkùn. Èyí tí wọ́n fi òwú dì, tó mọ níwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan, mímu ni. Wọ́n ń sè é fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Àgbo ni. Kí ni ìjọ yín ń sọ nípa àgbo?"

Franck dáhùn wẹ́rẹ́, bí ọmọ iléèwé. "Ẹni tó bá mu àgbo, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò pé." Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ náà wọlé sí i lára. "Olúwa mi o."

*

Nígbà tí wọ́n padà dé Bantè, ìkòkò méjì ti fọ́. Omi pupa ṣàn káàkiri àgbàlá Ìyá Aminatou. Ó ti jókòó sórí ìkẹta, ó fẹ ìró rẹ̀ lé e bí adìyẹ tó sàba, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ yí i ká, wọ́n ń sọ pé kó jẹ́wọ́ tàbí kó kó kúrò ní àdúgbò. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kafayath ní kí Franck dúró ti ìkòkò náà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó lọ bá Olùṣọ́ Hyacinthe nínú yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù ìkórè sí. Ọkùnrin náà wà láàárín iṣu àti àgbàdo, ó ń gbàdúrà, ó sì ń la ojú kan.

Kafayath gbé ìdì olówùú ewé náà sórí iṣu kan.

"Kí nìyẹn?" Hyacinthe bi í.

"Ẹ̀jẹ̀."

Ọkùnrin náà jókòó sórí àgbàdo.

"Láti ìgbà wo?" Kafayath bi í jẹ́jẹ́.

"Oṣù mẹ́ta. Ojú mi ń ṣókùnkùn bí mo bá dìde. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ mi lọ sílẹ̀. Mo mu oògùn rẹ̀, inú ń run mí. Ẹnìkan wá sọ fún mi pé Ìyá Aminatou..." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo sì ń wàásù lórí àgbo. Mo ti kéde rẹ̀ pé ìwàásù mẹ́ta ni. Mi ò lè dá a dúró ní ẹyọ kan."

"Lánàá ńkọ́?"

"Mo ń ti ẹ̀yìn ọgbà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó wà lábẹ́ apá mi. Flore àtàwọn akọrin já lù mí lójijì. Mo jù ú sínú àgbá, mo ní bí wọ́n bá ti kọrin tán n ó yọ ọ́. Wọn kò kọrin tán! Orun gbé mi lọ. Nígbà tí mo fi máa padà wá kí ilẹ̀ tó mọ́..." Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe sùtánà mẹ́rìndínlógún.

"Ẹ wá ní ẹ̀jẹ̀ ni. Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀jẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu nìyẹn, màdáámù. Láti oṣù mẹ́ta, mi ò ro nǹkan mìíràn bí kò ṣe ẹ̀jẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ gbé Kafayath. Ó rántí ìyá tó jókòó sórí ìkòkò, ẹ̀rín náà sì lọ.

"Olùṣọ́, kò sí òfin tó ní kí èèyàn má mu àgbo. Kò sí òfin tó ní kó má jù ú sínú omi ọṣẹ. Ṣùgbọ́n arúgbó kan wà níta tí wọ́n ti fọ́ ìkòkò rẹ̀ méjì. Láti àárọ̀ ló ti lè fi orúkọ yín gba ara rẹ̀ sílẹ̀, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ó jáde lọ sọ ọ́, àbí èmi?"

Hyacinthe dìde. Ó tún jókòó. Ó tún dìde.

*

Ó sọ ọ́. Ó dúró nínú omi pupa nínú àgbàlá Ìyá Aminatou, láìwọ bàtà, ó sọ gbogbo rẹ̀, àti ìwàásù mẹ́ta, àti àgbá, àti aránṣọ. Ó kúnlẹ̀ fún obìnrin náà níwájú ìjọ rẹ̀. Igi bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò wò.

Madeleine ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó gba àárín èrò kọjá, ó dé iwájú Olùṣọ́.

"Ṣé ẹ̀yin náà ń fi atalẹ̀ sí i?"

"Màmá?"

"Bí ẹ kò bá fi atalẹ̀ sí i, yóò máa kùn yín nínú. Ọdún kejì mi rèé lórí rẹ̀."

Flore na ọwọ́ sókè díẹ̀, bí ẹni fẹ́ bèèrè ìbéèrè. "Èmi láti ìgbà tí mo bí àbíkẹ́yìn mi."

Ọwọ́ kan tún nà lẹ́yìn. Òmíràn tẹ̀lé e. Ọkùnrin kan tó ti di igi mú láti àárọ̀ gbé e sílẹ̀ kó lè ráyè na tirẹ̀. Kafayath kà wọ́n: mẹ́sàn-án, Olùṣọ́ sì ni ìkẹwàá. Gbogbo wọn ń wo ara wọn, kálukú ti rò pé òun nìkan ló ń gba ẹ̀yìn ọgbà kọjá.

"Ó ku mẹ́rin," Ìyá Aminatou wí láti orí ìkòkò rẹ̀.

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni," ló wí. "Mo kàn ní ó ku mẹ́rin ni."

Ọwọ́ kan gòkè. Òmíràn gòkè. Ẹ̀kẹta jáde láti ẹ̀yìn igi kájú, wọn kò rí ẹni tó ni ín. Wọ́n wá dúró, gbogbo èèyàn ń yí orí kiri, wọ́n ń wá ìkẹrin. Franck, tó dúró ti ìkòkò pẹ̀lú aṣọ ọlọ́pàá lọ́rùn, wú ikọ́. Ó ṣí fìlà rẹ̀. Ó sì na ọwọ́ sókè, ìka mẹ́ta pupa.